Ìṣẹ́jú Méjì Níwájú Aṣòfin

Fọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ gbá mi létí ní Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ háyà yàrá kan, wọ́n ní kí n kọ orúkọ onílé tí mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo ronú, mo tún un rò. Agboolé wa ní Ọ̀fà ni mo ti ń bọ̀, bàbá tó bí bàbá bàbá mi ló sì kọ́ ọ. Mo bá kọ orúkọ bàbá náà sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ní kí n fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Mo ní bàbá ti kú tipẹ́. Ó ní ta ló wá ń gba owó ilé lọ́wọ́ mi látìgbà náà? Mo ní kò sí. Ó wò mí tìfura-tìfura, ó kọ nǹkan kan sí etí ìwé náà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà ló kọ síbẹ̀.

Wọn ò fún mi ní yàrá. Wọn ò sì dá owó fọ́ọ̀mù padà. Ẹni tó bá ní gbájúẹ̀ ò sí lókè òkun, kó wá bi mí.

Kí n tó kúrò nílé, mi ò jókòó ronú nípa ilé rí. Ilé kàn wà ni. Ilẹ̀ la máa ń jà sí ní tiwa: kí wọ́n tó bí mi ni àwa àti àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé ti ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀, a ò sì tí ì fà á tán, nítorí náà mo rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé kí ènìyàn pàdánù ibi tó ń sùn nítorí pé ẹnì kan tí kò mọ̀ rí jókòó sí ìlú mìíràn, tó bu ọwọ́ lu ìwé, èyí ò sí nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi.

Yàrá tí mo padà rí, abẹ́ ilẹ̀ ló wà. Fèrèsé rẹ̀ kéré, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lójú títì nìkan ni mo ń rí. Ọdún kan gbáko ni mo fi mọ àwọn aládùúgbò mi ní bàtà-bàtà. Ẹ̀rọ tó ń gbé ooru fún gbogbo ilé wà lẹ́yìn ògiri mi, a máa kérora bí àgbà tí ẹ̀yìn ń dùn, síbẹ̀ ooru náà kì í yà sọ́dọ̀ mi. Kóòtù ni mo fi ń sùn.

Òtútù yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo lè ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n má lanu bá ènìyàn sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Ní agboolé wa, bí o bá sín lẹ́ẹ̀kan, ènìyàn mẹ́fà ló máa dá ọ lóhùn, ọ̀kan nínú wọn á sì bi ọ́ kí lo jẹ lánàá. Níbi tí mo wà, mo lè sín títí n ó fi kú.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nílé. Lọ́hùn-ún, mo di ẹni tó ń tọ́jú arúgbó. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń gbọ́ ìtàn ogun tí wọ́n jà àti ti ìyàwó tí wọ́n kọ̀. Bàbá kan wà nínú wọn tí ilé rẹ̀ dára gan-an, funfun báláú, òdòdó yí i ká. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn yọ, mo dúró síwájú ilé náà, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi.

Alhaja ni gbogbo ayé ń pe ìyá mi. Sìmẹ́ńtì àti ìṣó ló ń tà létí títì tó lọ sí Ìjàgbò, kò sì sí ilé tí wọ́n kọ́ ládùúgbò tí kò lẹ́nu sí. Ó wo fọ́tò náà dáadáa kó tó pè mí.

"Ilé yìí ò ní fẹ́ńsì."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ níbí, mà."

"Ó dáa. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o pẹ́ níbẹ̀."

Mo ní àmín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mi ò parọ́. Àmín nìkan ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n kí ọdún ó tó yí, wọ́n ti tẹ fọ́tò náà sára kàlẹ́ńdà mọ̀lẹ́bí, lábẹ́ oṣù kẹjọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé: ọmọ wa àti ilé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ilé mélòó ní Ọ̀fà ni wọn ò gbé kàlẹ́ńdà yẹn kọ́! Àwọn tí kò yá mi ní ìgò epo rí bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá mi ní Ìyá Onílé.

Nígbà tó yá, Ọlọ́run ṣí mi nípò kúrò lábẹ́ ilẹ̀. Mo rí yàrá kan àti pálọ̀ gbà nínú ilé alájà mẹ́fà kan. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí onílé wa fẹ́ràn lọ́yà ju oúnjẹ lọ. Ilé náà ti gbó, lífíìtì rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ga. Ìdí tí kì í fi í ga ni pé ìjọba ló ran ẹni tó kọ́ ọ lọ́wọ́. Wọ́n dín owó orí rẹ̀ kù, òun náà sì tọwọ́ bọ ìwé pé fún iye ọdún kan báyìí, òun ò ní gbà ju ohun tí òṣìṣẹ́ lè san lọ. Mo gbádùn ibẹ̀. Mo ra ìkòkò, mo ra àga méjì, bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ wá kí mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé iye ọdún náà ti ń lọ sópin.

Lẹ́tà ló sọ ọ́. Wọ́n tì í sí abẹ́ ilẹ̀kùn gbogbo wa láàárọ̀ ọjọ́ kan: àdéhùn ń parí, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń bọ̀ wá ra ilé, owó ilé yóò sì "bá ọjà mu." Mo ka iye tó máa bá ọjà mu náà. Bí mo bá fún wọn ní gbogbo owó oṣù mi, tí mo tún wẹ arúgbó méjì sí i, kò ní tó.

Yàrá ìfọṣọ ni a ti ṣe ìpàdé. Ẹni tó pè é ni Miss Lorraine, ìyá aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì ìjọba, ohùn rẹ̀ sì tó láti kó èrò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹnu mi kò gbà kí n pe ẹni tó jù mí lọ tó yẹn lórúkọ, mo bá pè é ní Mummy. Ó ní òun kọ́ lòun bí mi. Mo ní mo mọ̀, mà. Kí oṣù ó tó parí, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ fáwọn ènìyàn pé ọmọ òun nìyí, olùkọ́ ni.

Òun ló là á yé wa pé ilẹ̀kùn méjì la máa kàn. Ìpínlẹ̀ ló lè ṣòfin pé bí onílé bá fẹ́ ta irú ilé báyìí, kó kọ́kọ́ fi lọ àwọn ayálégbé àti ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè. Ìjọba àpapọ̀ ló sì lè yọ owó tí ẹgbẹ́ náà máa fi rà á. Èmi ló túmọ̀ rẹ̀ fún ara mi: òfin láìsí owó, ìkòkò láìsí iṣu ni; owó láìsí òfin, iṣu láìsí ìkòkò. Àwa fẹ́ jẹun.

A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì-méjì ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo wọ ìró àti bùbá, mo wé gèlè, mo ti kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo dé iwájú àwọn àgbà yẹn, eékún mi ò bi mí kó tó kan ilẹ̀. Mo kí alága. Mo kí igbákejì rẹ̀. Mo kí àwọn màmá tó wà lápá òsì. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ò sì ní ẹ kú ìjókòó, mo bá ṣàlàyé rẹ̀: mo ní mo rí i pé wọ́n jókòó, mo sì bá wọn yọ̀ sí ìjókòó náà. Alága bojú wo àga rẹ̀ bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Mo kí wọn kú iṣẹ́ ìlú, mo kí wọn kú òtútù, mo béèrè ará ilé wọn. Ìgbà tí mo wá ní, "Ohun tó gbé mi wá ni pé…" ni aago dún.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, màdáàmù," ni alága wí. "Ẹni tó kàn."

Nínú bọ́ọ̀sì tí à ń bá bọ̀, Miss Lorraine wá jókòó tì mí. "Olùkọ́, o kí wọn dáadáa. Wọ́n gbádùn rẹ. Ṣùgbọ́n ilé wa ńkọ́?"

Mo fẹ́ sọ pé bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn, pé a kì í já ọ̀rọ̀ lu àgbà láìkí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì kejì ni pé mo rí kámẹ́rà kékeré kan lókè, wọ́n sì ti sọ fún wa pé ohun gbogbo tí a bá sọ ń lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Mo mọ àwọn ènìyàn mi. Ọmọ Ọ̀fà kì í jìnnà sí fídíò. Bí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀ pé mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé mi kúrò nínú yàrá kan àti pálọ̀, kí ìyá mi tó kírun ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti fi hàn án ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú Alhaja ni mo ń wò, mo wá fi ìkíni bo ojo mi mọ́lẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Miss Lorraine, títí kan kàlẹ́ńdà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, awakọ̀ ń wò wá nínú dígí. Nígbà tó ṣe tán, ó nu ojú.

"Ọmọ mi, ìtìjú yẹn, ta ló ń bò láṣìírí? Ṣé ìyá rẹ ni? Onílé ni. Bí gbogbo wa bá ń tijú, ó máa gba ilé rẹ̀ láìsí ariwo."

Mo kọjú sí fèrèsé, mo sì ń bínú sí i nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Àwọn yòókù ti sọ ohun tó yẹ kí n sọ, òfin náà sì kọjá nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ tìpá-tìkúùkù. A jó nínú yàrá ìfọṣọ. Ìkòkò ti dé nìyẹn, iṣu ló kù. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa láti rí owó náà sì ń sún mọ́lé. Àwọn kan ò lè dúró. Ìdílé tó wà lókè mi kó lọ sílùú mìíràn, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ọmọ wọn sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ wọ́n ju ẹ ǹlẹ́ lọ, ṣùgbọ́n mo sunkún nígbà tí mo rí kẹ̀kẹ́ náà. Mo ti wá mọ ìró ẹsẹ̀ wọn.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ta gan-an ló ni ibì kan. Ẹni tó ní ìwé ilé wa ò mọ̀ pé àtẹ̀gùn kẹta máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Kò mọ bàbá tó máa ń kọrin nínú bálùwẹ̀ lájà karùn-ún, tí gbogbo wa ń bá gbè é láìjẹ́ kó mọ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Bí ìmọ̀ bá jẹ́ owó ni, èmi ni ǹ bá ra ilé yẹn.

Ìgbìmọ̀ kan láti ilé aṣòfin àpapọ̀ wá jókòó nílùú wa láti gbọ́ ẹjọ́ ilé, nínú gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Ilé kọ̀ọ̀kan á mú ẹnì kan wá. Gbogbo wa gbójú lé Miss Lorraine. Ó ní rárá.

"Wọ́n ti gbọ́ mi jù. Bí mo bá ti dìde, wọ́n á máa tọ́ tíì wọn wò. Olùkọ́ ló ń lọ."

Lọ́jọ́ náà, lọ́yà ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ra ilé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ní kò sẹ́ni tó fẹ́ ni ẹnikẹ́ni lára, pé ilé pọ̀ nígboro, pé àwọn ayálégbé wọ̀nyí ní ibi tí wọ́n lè lọ. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àwọn baba wa a máa jà á níwájú ọba. Èmi ja tèmi níwájú ènìyàn mẹ́jọ tó ń mu omi inú ike. Ọ̀rọ̀ lọ́yà yẹn ló bí mi nínú tí mo fi gbàgbé kámẹ́rà.

Mo ní ẹ káàárọ̀, ó tán. Mo sọ fún wọn pé mo gbé abẹ́ ilẹ̀ lọ́dún kan, kóòtù ni mo fi sùn. Mo sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo ní lára àwọn tí mò ń wẹ̀, bóyá ìyá ẹnì kan nínú yín wà níbẹ̀. Mo sọ ti fọ́tò. Mo ní nílùú mi, ilé tó wà nínú kàlẹ́ńdà, gbogbo ayé rò pé tèmi ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà wọ ibẹ̀, pẹ̀lú báàgì ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán.

Mo wá ní, "Lọ́yà sọ pé a ní ibi tí a lè lọ. Mi ò níbi tí mo máa lọ." Mo sì lọ jókòó. Ìṣẹ́jú méjì ò tí ì pé.

Ọjọ́ kejì ni fídíò náà wọ Ọ̀fà. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Ìlọrin ló kọ̀wé sí mi: "Alhaja ti wò ó." Ó tán níbẹ̀. Mo pe ìyá mi, kò gbé e. Mo tún pè lọ́jọ́ kejì, mo pè lẹ́yìn Jímọ̀, mo pè nígbà ọjà, kò gbé e. Oṣù kan, oṣù kejì. Bí mo bá ránṣẹ́, á ní kí wọ́n sọ fún mi pé òun wà láàyè. Kò sí onílé tó lè ṣe mí tó bẹ́ẹ̀. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín fáwọn arúgbó, mo ń padà wálé wá bá àga méjì mi. Mo sọ fún ara mi pé bí ilé yìí bá wá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ náà, mo ti fi ìyá mi san án lásán.

Kò bọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Miss Lorraine ń gbá ilẹ̀kùn láti àjà kìíní dé àjà kẹfà: owó ti jáde. Ẹgbẹ́ náà ra ilé, wọ́n kọ àdéhùn tuntun tó máa pẹ́ ju èmi àti onílé lọ láyé. Lífíìtì nìkan ni kò gbọ́ ìròyìn náà; ẹsẹ̀ ni Miss Lorraine fi gùn ún.

Bí mo ṣe ń jó lọ́wọ́ ni fóònù dún. Alhaja ni.

"O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà. Alhaja, ẹ má bínú, mà. Ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà yẹn…"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà? Ọdún ti yí, wọ́n ti fi pọ́n ẹ̀pà." Ó mí kanlẹ̀. "O dúró níwájú àwọn òyìnbó, o ní o ò níbi tí o máa lọ. Ṣé mo ti kú ni? Ṣé iná jó agboolé ni? Yàrá rẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ńkọ́?"

Nínú gbogbo ohun tí mo rò pé ó ń dun ìyá mi, èyí ò sí níbẹ̀. Òṣì mi ò tì í lójú rárá. Mo kàn gbàgbé rẹ̀ níwájú gbogbo ayé ni. Ẹkún gbé mi, mi ò sì bò ó.

"Dákẹ́," ni Alhaja wí. Ohùn rẹ̀ ti yí díẹ̀. "Èmi náà ní nǹkan láti sọ. Yàrá yẹn, mo ti fi háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ Poli kan. Fúnmi, ọmọ Kàbà."

"Láti ìgbà wo, mà?"

"Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé èyí tí o lọ."

Ẹkún mi dúró fúnra rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n mo ti fún un ní kúìtì," ni ó yára fi kún un. "Látọjọ́ tí mo ti wo fídíò yẹn. Kí oṣù yìí ó tó parí, ó máa jáde. Ọmọ tèmi ò tún ní sọ ọ́ fáyé gbọ́ mọ́ pé òun ò níbi tí òun máa lọ."

"Ṣé àsìkò ìdánwò wọn kọ́ nìyí, mà?"

"Ó wà nínú ìdánwò. Ó ti ń sunkún láti àná."

Mo jókòó. Ẹ wo èmi tí mo ń lé onílé kiri ní Amẹ́ríkà, láìmọ̀ pé onílé ni mí ní Ọ̀fà. Ẹnu tí mo fi gba ilé tèmi sílẹ̀ ni ìyá mi fẹ́ fi lé ọmọ ọlọ́mọ síta.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e."

"Yàrá rẹ ni."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kó ṣe ìdánwò tán, kó kàwé jáde. Ohun tí mo sọ fún àwọn aṣòfin náà ni mò ń sọ fún yín yìí."

"Àwọn aṣòfin ò bí ọ."

"Rárá, mà."

"Níbo lo wá máa sùn bí o bá dé?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni, mà."

Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń já sìmẹ́ńtì nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àpò kan, àpò kejì, ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n rọra. Mo rò pé ó ti gé fóònù.

"O máa ń gbá ènìyàn nípàá lójú oorun," ni Alhaja wí. "Apá ògiri lo máa sùn o."